Ta Ni A Ó Dá Padà Lẹ́nu Géètì? Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí A Tó Dìbò Lórí Girama Ìlú

Gbogbo wa la ti ka lẹ́tà tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Amẹ́ríkà kọ, akọ̀wé ti pín in kárí. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda girama ìlú fún wa. Ká yan pírínsípà fúnra wa, ká yan ohun tí àwọn ọmọ yóò máa kọ́, kí ìjọba máa san owó oṣù àwọn tíṣà, kí àwa máa tún ilé ṣe, ká máa darí rẹ̀ bíi charter school tí ọmọ àwọn kan nínú wọn ń lọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní owó tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a ó ti dìbò lé e.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti jáde, ẹ mọ bí ariyanjiyan ṣe gbóná tó. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n fẹ́ ta ilé ìwé ìlú. Ẹnì kan tiẹ̀ pe ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn àgbà ló bá wa parí rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ wá jókòó, wọ́n ní èmi tí mo ń kàwé Ìtàn ní yunifásítì ni kí n lọ wá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí jáde, kó má jẹ́ pé ariwo lásán ni a ó fi dìbò.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ka Ìtàn yìí, n kò jókòó ní kíláàsì Ìtàn rí títí mo fi jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Láti sáà 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ìran tiwa bá níbẹ̀. Ó di 2018 kí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà, mo sì ti fẹ́ parí ilé ìwé nígbà yẹn. Àwọn kan jókòó sí Àbújá, wọ́n fa ilà sí iṣẹ́ kan, odidi ìran kan sì jáde láìmọ ẹni tó kọ́ ilé ìwé tí wọ́n ti jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé ta ló ń pinnu ohun tí ọmọ ń kọ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ ná. Charter school kì í ṣe ilé ìwé aládàáni. Owó ìlú ló ń gbé e ró, kò gbọdọ̀ gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí, bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé bá sì ju àyè lọ, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kan tó dá dúró ló ń darí rẹ̀ lórí àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n dá ọdún fún. Bí ọdún bá pé tí iṣẹ́ kò dára, ẹni tó fún wọn láṣẹ lè gba àṣẹ rẹ̀ padà. Ìwé àdéhùn yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní charter. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tó dára àti kọ̀ǹpútà tó pọ̀, ìwé yẹn ni wọn ò mẹ́nu bà, òun sì ni ìdí ọ̀rọ̀.

Albert Shanker, olórí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ American Federation of Teachers, wà lára àwọn tó gbé èrò náà síta ní 1988. Ohun tó ní lọ́kàn ni kí àwọn olùkọ́ rí àyè dán ọ̀nà tuntun wò. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin ní 1991, ilé ìwé àkọ́kọ́, City Academy, sì ṣílẹ̀kùn ní St. Paul ní 1992. Kò pẹ́ sí i tí Shanker fúnra rẹ̀ yí ohùn padà, nígbà tó rí i pé àwọn oníṣòwò ti ń wọ inú rẹ̀.

Ìlú tí mo rò pé ó yẹ ká wò dáadáa ni New Orleans. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Louisiana gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìwé ìlú náà kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú, wọ́n sì ń fi wọ́n fún àwọn olùdarí charter títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ ilé ìwé tó ju 7,000 lọ dúró. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ tó lọ. Ká má purọ́, àbájáde ìdánwò àwọn ọmọ gòkè lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní 2010, àwọn òbí tí ọmọ wọn jẹ́ abirùn tàbí tí wọ́n nílò ìtọ́jú pàtàkì gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ wọn ni pé àwọn ilé ìwé kan kì í fẹ́ gba ọmọ àwọn, àwọn tó bá sì gbà wọ́n kì í fún wọn ní ohun tó tọ́ sí wọn. Ó di 2015 kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀. Ní 2018 ni àwọn ilé ìwé náà padà sábẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí ará ìlú ń dìbò yàn.

Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn, ọmọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà. Bí mo ṣe ń tú ìwé ìtàn tiwa ni mo ń bá a pàdé.

Àgbádárìgì ni ilé ìwé ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ní 1843, lọ́wọ́ àwọn Wẹ́sílì. Míṣọ́n ló ni ín, míṣọ́n ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ẹ bi àwọn bàbá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á sọ fún yín bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ́ Jósẹ́fù ní ilé ìwé kó tó padà di Yésúfù nílé. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba fi dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896. Ní 1923 ni ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen bẹ̀rẹ̀, àwọn náà sì kọ́ tiwọn káàkiri.

Àwọn ará ìlú kò káwọ́ gbera wo míṣọ́n náà o. CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé ìwé míṣọ́n ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n £50 tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò, ọwọ́ J. P. L. Davies ló ti wá, ọmọ Sàró tó ń ṣòwò ní Èkó. Abẹ́òkúta ní girama tirẹ̀ ní 1908, Ìjẹ̀bú Òde ní 1913. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes wá láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 1922 pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé abúlé àti iṣẹ́ oko mu, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú fura sí i. Wọ́n ní ṣé kí ọmọ àwọn má bàa dé ibi tí ọmọ òyìnbó dé ni? Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún wa láti òkèèrè pé irú ẹ̀kọ́ báyìí ló yẹ yín. Kì í ṣe pé ohun tó ń sọ burú. Ọmọ ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ nípa rẹ̀ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni 1955. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Gbogbo wa la mọ orúkọ Awólọ́wọ̀. Orúkọ S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952, kì í tètè jáde lẹ́nu. Ohun tí a kì í sì í sọ rárá ni pé àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ bínú sí i. Ìjọba bu owó orí tuntun lé wọn, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àgbẹ̀ tí kò tíì rí kíláàsì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ní kó sanwó. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC ló mókè ní Ìwọ̀ Oòrùn, níbi tí Action Group ti ń ṣèjọba. Ìjọba kò tìtorí ẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní 1954, di ohun tó ju 811,000 lọ ní 1955. Àwọn tíṣà tó ń kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ kíláàsì, ará ìlú ló mọ ọ́n pẹ̀lú amọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ta ló ń darí àwọn ilé ìwé ọ̀fẹ́ wọ̀nyẹn? Èyí tó pọ̀ nínú wọn wà lọ́wọ́ ìjọ àti míṣọ́n, àwọn mìíràn wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tí a ṣì ń pè ní L.A. títí dòní. Ìjọba ń sanwó, ìjọ ń darí, òbí kò san owó ilé ìwé. Ṣé ẹ ti rí i? Ohun tí Minnesota sọ dòfin ní 1991, irú rẹ̀ ti wà ní abúlé Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ní 1955, a ò kàn pè é ní charter ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àṣà Amẹ́ríkà tuntun ni wọ́n fẹ́ kó wá bá wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní yóò yanjú gbogbo ìṣòro wa, kó rántí pé a ti wà níbẹ̀ rí.

Ohun tí ó sọnù nínú tiwa ni ìwé àdéhùn láàárín ilé ìwé àti ìlú. Ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìlú mọ ògiri, ìjọ gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni báyìí ni kò gbọdọ̀ dá padà, tàbí pé tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, ẹni báyìí ni kí a bi. Nígbà tí àwọn ìjọba ológun wá gba ilé ìwé ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn ní 1970 lẹ́yìn ogun, tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀lé e, àṣẹ ni wọ́n fi gbà á. Ọmọ Mùsùlùmí rí àyè wọ ilé ìwé tí ó ń kọjá lẹ́nu géètì rẹ̀ láti kékeré, èyí dára, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn náà ni òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí jò tí àwọn àgbà tó kọ́ ọ fi ń sọ pé, kò kàn wá mọ́, ti ìjọba ni.

Tiwa kò tíì sí nígbà yẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti UPN, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1979, ló bí girama wa. Ọmọ pọ̀ ju ilé lọ, ìjọba ní ìlú tó bá fẹ́ girama kó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sì gbé ògiri dúró. Ẹ wo àwọn ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní Community High School àti Community Grammar School káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sára géètì wọn, 1979, 1980, 1981 ni ẹ ó máa rí. Lẹ́fì ni wọ́n fi kọ́ tiwa. Ìyá bàbá mi, tó ń ta epo ní ọjà wa, ṣì ní risíìtì rẹ̀ nínú àpótí aṣọ: ₦10, inki rẹ̀ ti ń parẹ́. Màmá kò kàwé. Kò mọ ohun tó wà lára ìwé náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó jẹ́.

Mo wá ìwé tí ìlú àti ìjọba jọ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n fi girama náà lé ìjọba lọ́wọ́. Mo dé ààfin, mo dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, mo lọ bá àwọn bàbá méjì tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nígbà náà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa. Kò sí. Bàbá kan rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, “Ìjọba tiwa ni nígbà yẹn, ìwé kí la fẹ́ bá a ṣe?”

Ṣé irú rẹ̀ ni a tún fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kejì?

Àwọn tó bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ta ilé ìwé, ẹ jẹ́ ká má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ yìí ti le rí. Ní 1980, ìjọba Jákáǹdè ní Èkó fẹ́ fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni pátápátá. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ní ẹ̀tọ́ aládàáni ni láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Ní 2001, ìjọba Èkó tún yí padà, wọ́n dá àwọn ilé ìwé míṣọ́n kan padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ẹ lọ wo àwọn ilé ìwé náà lónìí. Wọ́n rẹwà, ìdánwò ń lọ dáadáa, òbí sì ń san owó tí tíṣà ìjọba kò lè san. Ẹni tó wà níta géètì ní 1950 nítorí ẹ̀sìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà níta lónìí nítorí owó.

Èyí tó jọ ti lẹ́tà wa jù ni ti Ọ̀yọ́. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé àbá jáde pé kí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì 31 wà lábẹ́ àjọṣe ìjọba àti àwọn aládàáni, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ìjọba ní kì í ṣe títà, àtúnṣe ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ní títà ni. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù nígbà náà, ta ló fẹ́ gbà wọ́n gbọ́? Ìwọ́de dé, àwọn ọmọ ilé ìwé bọ́ sí títì n'Ìbàdàn, wọ́n mú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Àbá náà kò rìn bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Nínú ohun tí mo kà nípa rẹ̀, àbùkù ibẹ̀ lójú tèmi ni pé orúkọ ilé ìwé ni ará ìlú kọ́kọ́ gbọ́. Àdéhùn kọ́. Òbí gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ilé ìwé ọmọ òun fún ẹnì kan, kò tíì gbọ́ iye tí òun yóò san tàbí bóyá ọmọ òun yóò lè dúró níbẹ̀.

Ẹ̀sìn náà kò tíì lọ o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 kan náà, ilé ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, títí kan èyí tí míṣọ́n dá sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ kọ́áyà lọ sí ilé ìwé n'Ìwó. Ní 2021, wọ́n ti ilé ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ẹgbẹ́ wa ní Mùsùlùmí, ó ní Kìrìsìtẹ́nì, ó ní oníṣẹ̀ṣe. Bí a bá gba girama láìkọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwa la ó wà nínú ìwé ìròyìn.

Nípa ohun tí wọn yóò máa kọ́, lẹ́tà náà ní kí a fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti èdè Faransé kún un, kí a sì jẹ́ kí Yorùbá di ti ẹni tó bá wù. Kọ̀ǹpútà, mo fara mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, kí iná sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ti Yorùbá yẹn ni mo ní àwíjàre sí. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò gbẹ́yìn, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Kíláàsì kejì ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé yìí kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà mìíràn ní kí wọ́n pa á tì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo wọn máa fi kọ́ni. Ilé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́, girama ni tiwa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní àṣẹ láti yan, tó sì jẹ́ pé ohun tí Àbújá ń yọ ni àwa náà kọ́kọ́ fẹ́ yọ, kí la gba àṣẹ náà fún?

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí àwọn kan rò pé ohun tó bá wù wá la lè kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò WAEC àti NECO ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ni wọn yóò sì bá lọ. Ohun tí a lè yàn wà láàárín: iṣẹ́ ọwọ́ wo, èdè wo, ẹni tó ń kọ́ni, ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, bóyá Ìtàn ní tíṣà gidi tàbí tíṣà ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ní kó fi kún tirẹ̀. Kékeré kọ́ nìyẹn náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú lẹ́tà náà, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n kọ “àwọn ọmọ ìlú wa” nígbà tí wọ́n ń sọ ẹni tí ilé ìwé tuntun náà wà fún. Mo kà á. Nígbà tí mo wà ní girama, ẹni tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọmọ Àgàtú ni. Bàbá rẹ̀ ń bá àwọn èèyàn wa ro oko kòkó, inú oko ni wọ́n ń gbé. Òun ló máa ń yanjú ìṣirò fún wa, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ní SS2, wọ́n dá lẹ́fì kan lé wa lórí, tí wọn ò kọ síbì kankan tí kò sì ní risíìtì, wọ́n ní ẹni tí kò bá san án kó máa lọ sílé. Ó lọ. Mo rò pé ọjọ́ méjì ni. Kò padà wá mọ́. Èmi náà kò lọ béèrè rẹ̀, mo ń sọ òótọ́.

Àwọn irú ọmọ yẹn pọ̀ ní girama wa báyìí ju ti ìgbà náà lọ. Ọmọ tiwa tí òbí wọn lówó ti kó lọ sí ilé ìwé aládàáni. Bí a bá gba ilé ìwé yìí, tí a kùn ún, tí a gba pírínsípà tó mọṣẹ́, tí èsì WAEC dára, àwọn tó kó ọmọ lọ yóò kó wọn padà wá. Àyè kò ní tó mọ́. Ta ni a ó wá sọ fún pé kó fún ọmọ ìlú láyè?

Èmi yóò dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ìwé bá ṣíwájú kọ́kọ́rọ́. Kí ìwé náà sọ pé gbogbo ọmọ tó ń gbé láàárín ìlú wa àti oko rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ibi yòówù kí bàbá rẹ̀ ti wá, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe, bó bá jẹ́ abirùn pàápàá. Pé bí àyè kò bá tó, kèké ni kí a ṣẹ́ ní gbangba. Pé kò sí lẹ́fì tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí ó sọ iye ọdún tí àṣẹ wa yóò fi wà, àti ẹni tí yóò wá wò ó bóyá a ṣe dáadáa. Kí àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ báyìí mọ ibi tí wọ́n dúró sí kí a tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀ka Amẹ́ríkà bá fara mọ́ èyí, kí Ọlọ́run bùkún owó wọn. Bí wọn ò bá fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ilé ìwé náà wà bó ṣe wà, kí àwa máa tún òrùlé ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní risíìtì lẹ́fì 1980, tàbí ìwé ìpàdé, tàbí fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ girama lélẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Kí ẹni tí kò lè wá fi rán ọmọ rẹ̀. A ó ya fọ́tò wọn, a ó sì dá wọn padà fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ti ìyá bàbá mi ti wà nínú fáìlì, òun ni àkọ́kọ́.